Ọ̀bẹ Aláwọ̀ Mẹ́ta Tí Ògúnsàkin Rọ

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi ni Baba Ọdẹ́sànmí, àbúrò ìyá bàbá mi, ọdẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Òkè-Ayùn àti gbogbo abà tí ó yí i ká. Nígbà tí ó ń sọ ọ́, ọmọdébìnrin tí ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi ọdán ni mí, n kò sì mọ ìwé kankan. Mo ti di ìyá àgbà kí n tó mọ bí a ti ń kọ orúkọ ara mi, ìtàn yìí ni mo sì ní lọ́kàn láti ọjọ́ náà pé n ó kọ sílẹ̀. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i tí ó sì sọ ọ́ ni n ó ṣe sọ ọ́. Níbi tí ó bá ti fọ́nnu, n ó jẹ́ kí ó fọ́nnu, nítorí ọdẹ tí kò bá sọ ìtàn ara rẹ̀, ẹran ni yóò bá a sọ ọ́.

Báyìí ni ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ má fara ti ògiri mi, àná ni mo rẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rín wá síbí, kí ó rín in nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò mọ ibi tí yóò ti tún rí àyè rín in."

Ògúnsàkin, ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́sànmí, ni alágbẹ̀dẹ ìlú. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ni ó bí wọn: ọ̀kan ń rọ irin, ọ̀kan ń fi irin pa ẹran. Ní ọdún tí à ń wí yìí, àyà ti ń dun Ògúnsàkin. Èéfín ogójì ọdún ti wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá húkọ́, àwọn adìyẹ a sá kúrò nínú àgbàlá. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò pọ̀ mọ́ nílẹ̀, ó sì fẹ́ rọ ọ̀bẹ kan tí òun yóò fi sílẹ̀ sáyé.

Ó rọ ọ̀bẹ náà, ó tì í bọ omi, ó le. Ṣùgbọ́n irin tí ó bá le jù, ṣíṣẹ́ ni í ṣẹ́, nítorí náà alágbẹ̀dẹ a tún máa yá a níná díẹ̀ kí líle rẹ̀ lè rọ̀. Ó fi yanrìn bó o títí ó fi funfun bí ikùn ẹja, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé irin gbígbóná, ó ń wò ó. Ẹni tí kò bá rí i rí kò lè gbà á gbọ́: àwọ̀ a máa jáde láti inú irin fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tí ó kùn ún. Àwọ̀ pòpórò ọkà ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ, a sì máa rìn lọ sí ojú ọ̀bẹ. Àwọ̀ àlùkò a tẹ̀lé e. Àwọ̀ aró a dé kẹ́yìn, a sì dúró sí ẹ̀yìn ọ̀bẹ níbi tí ooru ti pọ̀ jù. Bí pòpórò bá ti dé ojú, kí alágbẹ̀dẹ tì í bọ omi kíákíá; bí ó bá pẹ́, ọ̀bẹ di ewé.

Àárín èyí ni ẹwìrì fàya. Iná ń kú lọ, àwọ̀ dúró sí ìdajì ọ̀nà. Ògúnsàkin kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sídìí iná, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó fẹ́, ó fẹ́, títí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi tò, irú èyí tí kò yọ lára irin rí ní Òkè-Ayùn: pòpórò tí ó ń tàn bí ojúmọ́, àlùkò tí ó jinlẹ̀, aró tí ó dàbí ẹni pé a bu ojú ọ̀run sí i. Ó ti ọ̀bẹ bọ omi. Nígbà tí ó gbé orí sókè tí ó fẹ́ mí, kò rí èémí mí.

Wọ́n gbé e dé orí ẹní, kò kú, kò sì yè. Ní ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀bẹ náà pé kí òun fi eérú nu ẹrẹ̀ kan kúrò ní ṣóńṣó rẹ̀. Bí ó ti nù ún tí àwọ̀ ibẹ̀ ṣí kúrò tó ìka ọmọ tuntun, Ògúnsàkin ké nínú yàrá bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Àwẹ̀ró ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Igbe náà dá. Kò sí ẹni tí ó nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Èémí ọkọ rẹ̀ ni ó dì mọ́ irin. Bí àwọ̀ bá tán, ọkọ tán.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá ohun tí wọn yóò fi pa àwọ̀ mọ́. Wọ́n fi epo pa á, erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ epo, ẹni tí yóò sì nu erùpẹ̀ kò gbọ́dọ̀ nu àwọ̀. Wọ́n fi àdín pa á, èèrà tò wá láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fi òrí pa á, òrí gbẹ, ó là, ìpẹtà sì gba ojú ìlà náà wọlé bíńtín. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n: bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀bẹ tí kò ní dípẹtà nínú ilé tí a fi koríko bò.

"Ọkọ mi ọdẹ," Àwẹ̀ró sọ fún Ọdẹ́sànmí, "ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kò sí igbó tí ẹ kò wọ̀ rí. Ṣé ẹnu lásán ni, àbí igbó kan wà níbẹ̀ tí ó ní oògùn èyí?"

"Wọ́n ní Ìyá Onída wà," ni Ọdẹ́sànmí dáhùn. "Wọ́n ní ohun tí ó bá fi ìda oyin rẹ̀ pa kì í ṣá títí ayé."

"Wọ́n ní?"

"Wọ́n ní, ìyàwó wa."

"Ẹni tí ó lọ tí ó sì bọ̀ ńkọ́?"

"N kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀."

Àwẹ̀ró dìde. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wá òwú tí ẹ ó fi wé e," ni ó wí.

Ọwọ́ ara Ìyá Onída ni ó gbọ́dọ̀ fi ìda náà pa ohun, kì í sì í kúrò nílé rẹ̀, nítorí náà ọ̀bẹ ni yóò tọ̀ ọ́ lọ. Ọdẹ́sànmí wé e ní òwú, ó fi aṣọ funfun wé òwú, ó so ó kọ́ ọrùn. Ó wọlé lọ dágbére fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àwọ̀ mélòó ló kù lára rẹ̀?" ni Ògúnsàkin bi í. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dára. Tí ó bá ku méjì lọ́jọ́ kan, parọ́ fún mi."

Ọdẹ́sànmí lọ. Bí ó bá dé ibí yìí, Baba a máa gbé àyà síwájú, a ní: "N kò ní sọ iye ọjọ́ tí mo fi rìn fún un yín. Ọdẹ tí ń ka ọjọ́, ebi ni ó ń pa á. Èmi kò jẹun, n kò sùn, n kò sì yà ṣe ìgbọ̀nsẹ̀! Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ìlú tí ó kọ́kọ́ dé ni ìlú Afọwọ́ríran. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní ojú. Iwájú wọn dán láti irun dé imú bí ẹ̀yìn igbá, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì tóbi, ó rọ̀, ó sì ń làágùn ní gbogbo ìgbà, nítorí òun ni wọ́n fi ń rí ayé. Oníbodè wọn na ọwọ́ dí ọ̀nà.

"Àlejò, kí ni ó máa ń wọ ìlú wa láìkan ilẹ̀, láìkan ògiri, tí gbogbo ilé sì mọ̀ pé ó dé?"

"Òórùn ọbẹ̀," ni Ọdẹ́sànmí dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Inú oníbodè dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbá a mọ́ra. Wọ́n mú un dé àárín ìlú, wọ́n fi ọwọ́ wo imú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wo etí rẹ̀, wọ́n ní ó rẹwà. Wọ́n fún un ní omi. Ìwà wọn dára ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní ojú lọ. Ṣùgbọ́n ọba wọn, arúgbó kan tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, dìde lórí ìjókòó.

"Ohun kan wà lọ́rùn rẹ tí ń pe ọwọ́ mi láti òkèèrè," ni ó wí. "Mú un wá kí n rí i."

"Kábíyèsí, ẹ má bínú. Ohun àìsàn ni. Kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ń kàn."

"Àlejò tí ó gbé ohun wọlé tí kò jẹ́ kí onílé rí i, orúkọ rẹ̀ ńkọ́ ní ìlú tìrẹ?"

Olè ni orúkọ rẹ̀ ní ìlú Ọdẹ́sànmí náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó sọ fún wọn pé ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní pa á lára, wọ́n kàn fẹ́ rí i ni. Ọwọ́ ogún ti dì í mú kí ó tó fa ìbọn, ọwọ́ kan tú aṣọ, ọwọ́ kan tú òwú.

Kò sí ẹni tí ó fi ìkà gbé ọ̀bẹ náà. Bí ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ṣe gbé e. Ọba rí i, ó mí kanlẹ̀, ó gbé e fún ayaba. Ayaba sunkún láìní ojú, omi náà ń yọ ní ìka rẹ̀. Obìnrin arúgbó kan fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ sókè sódò lẹ́yìn ọ̀bẹ, ó ní: "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń gbọ́ orúkọ aró. Òní ni mo mọ̀ ọ́n." Gbogbo ìlú tò sẹ́yìn rẹ̀, àgbà àti ọmọdé, olúkúlùkù ń fi ọwọ́ tútù rí aró ní tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá a padà fún Ọdẹ́sànmí, aró kò sí níbẹ̀ mọ́. Iyọ̀ òógùn wọn ti jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti di eléérú, ìpẹtà sì ti ń pọ́n níbì kan. Ìfẹ́ ni wọ́n fi pa á run. Kò sí èyí tí ó lè bú nínú wọn. Wọ́n sìn ín dé ẹnu odi, wọ́n ń dúpẹ́.

 Bí Baba bá dé ibí yìí, Kúyẹ̀ adẹ́mu, tí kì í jẹ́ kí àgbà sinmi, á ní: "Baba, ẹ̀yin tí ẹ bá ẹkùn jìjàkadì, ṣé ẹ kò lè na àwọn tí kò lójú?"

"Mo bá ẹkùn jà, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹkùn wo gan-an? Èyí tí ẹ ní ó sá nígbà tí ó gbọ́ ohùn yín?"

"Òun náà ni, Kúyẹ̀. Ó gbọ́n jù ọ́ lọ. Ẹkùn kórìíra mi, mo mọ ohun tí mo máa ṣe fún un. Ẹni tí ó ń sunkún nítorí pé ohun tí mo ní dára, níbo ni n ó ti nà á?"

Lẹ́yìn ìlú náà ni igbó kan tí kò ní ẹyẹ. Ibẹ̀ ni okùn kan ń gbé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dìmú. Ìtàkùn ni bí a bá fi ojú wò ó, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ìyá ọlọ́mọ. Ó wé ẹsẹ̀ Ọdẹ́sànmí lẹ́ẹ̀kan.

"Ọdẹ, ta ni ó ń dúró dè ọ́ nílé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọdẹ́sànmí wí, ó rò pé àánú ni yóò ṣe é. Okùn náà fún un dé orúnkún.

"Ta tún ni?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi." Okùn dé ìbàdí.

"Ta tún ni?"

Ọdẹ́sànmí ti mọ̀. Ó pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn kì í pa ẹnu dé: ó rántí ìyàwó tirẹ̀, ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀, ó rántí ajá rẹ̀ pàápàá, okùn sì wé e dé ọrùn. Ìbọn há sí i lẹ́yìn. Àdá rẹ̀ bọ́ sínú ewé.

"Má bínú sí mi," ni Dìmú wí. "Èmi kò ní okùn kankan. Tìrẹ ni mo fi ń dì ọ́. Ẹni tí kò ní ẹni, kì í há síbí."

Ó fi eyín gé e, kò já. "Ẹ wo ẹnu mi!" Baba á là á fún gbogbo wa, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn. "Ẹ rí àlàfo yìí? Mẹ́ta! Ẹni tí ó bá sọ pé egungun ọ̀yà ni ó ká a, kí ó lọ fi eyín tirẹ̀ gé ìtàkùn fún ọjọ́ méjì!" Kúyẹ̀ sì ni ẹni náà. 

Ní ọjọ́ kejì, òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Bí òun bá kú síbí, ọ̀bẹ á bá òun kú sọ́rùn, ìrì á sì jẹ àwọ̀ tó kù. Bí òun bá fi ọ̀bẹ gé e, bóyá díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ọwọ́ kan ni ó ráyè yọ. Ó fà á yọ nínú òwú, ó gé. Oje tí ó tú jáde kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń kán láti òkè sí àárín ọ̀bẹ, àlùkò náà sì ń yòrò lójú rẹ̀ bí ìkùukùu tí oòrùn là. Bí apá rẹ̀ kejì ti bọ́, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ọ̀bẹ kíákíá kí oje tó dé ibẹ̀. Pòpórò ni ó rí gbà là, ìlà kan tí kò fẹ̀ ju ìrù èkúté lọ. Ojú ọ̀bẹ sì ti kú, ó ti kán wẹ́wẹ́ níbi tí ó ti gé okùn.

Ó jókòó sínú igbó náà, ó sọ̀rọ̀ sí apá ibi tí ilé wà. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. Ó dìde, ó ń lọ.

Ilé Ìyá Onída wà nínú àpáta, oyin sì bò ó, ṣùgbọ́n oyin náà kì í dún. Inú ilé mọ́lẹ̀, ó sì pọ́n bí inú oyin. Gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ìda bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: òdòdó ìbẹ́pẹ tí wọ́n já kí ìlú kankan tó dúró, ipa ẹsẹ̀ ọmọ kan nínú amọ̀, àkàrà kan tí èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀ tí èéfín náà kò sì lọ. Ọkùnrin kan jókòó sí igun, ó dára, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Ọkọ mi nìyẹn," ni obìnrin náà wí. Ó kéré, ó sì dúdú, òórùn oyin ń bù lára rẹ̀. "Kí i. Kò ní dáhùn."

Ọdẹ́sànmí kí i. Kò dáhùn.

"Ohun méjì ni mo ní," ni Ìyá Onída wí. "Ọ̀kan ṣeé lò, kò ṣeé pa mọ́. Ọ̀kan ṣeé pa mọ́, kò ṣeé lò. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò bá ọ délé. Èwo ni o fẹ́?"

"Ìyá, èyí tí ó ṣeé pa mọ́ ni mo fẹ́."

"Gbogbo yín ni ẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó gba ọ̀bẹ, kò fi ìka kan ojú rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó rí ẹ̀yìn tó ti di eléérú. Ó rí àárín tó ti ṣá. Ó rí ìlà pòpórò. "Èyí ni ó kù?"

"Òun ni ó kù."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ni ó ní kí o wá?"

"Kò ní kí n má wá."

"Gbọ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ kí n tó fọwọ́ kàn án. Kò ní dìde. Kò ní rọ irin mọ́, kò ní mọ ìyàwó rẹ̀ yàtọ̀ sí ògiri. Yóò máa mí bí ìlà yìí ti mọ, lóòrèkóòrè, lórí ẹní, nígbà tí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ọ bá ti kú tán. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ọdẹ́sànmí wo ọkùnrin tó jókòó sí igun. Ó wò ó pẹ́. Baba sọ fún wa pé ibẹ̀ gan-an ni òun ì bá ti yí padà, bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́gbọ́n ni òun. Ṣùgbọ́n ó rántí bí Àwẹ̀ró ti lọ wá òwú láìtún bèèrè ohunkóhun.

"Òun ni mo fẹ́, Ìyá. Ẹ fún mi."

Ìyá Onída yọ́ ìda lórí ooru àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó fi pa ọ̀bẹ láti ojú dé ẹ̀yìn, ó tín-ín-rín bí awọ inú ẹyin. Ó sọ pé kí ọwọ́ tó làágùn má kàn án, kí ohun kíkan má kàn án, kí ó má bọ́ sínú iná. Kò dárúkọ òkúta. Ta ni yóò rò ó?

Àbọ̀ kò ní wàhálà. Dìmú sùn. Àwọn Afọwọ́ríran juwọ́ sí i láti orí odi. Ìgbà tí oòrùn wà ní àtàrí ni ó dé etí Odò Ayùn, ó sì rí òrùlé ìlú. Òjò kò tí ì rọ̀. Eruku ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó tú ọ̀bẹ wò: pòpórò wà níbẹ̀ lábẹ́ ìda, ó ń tàn. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti jáde. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkúta etí odò láti ṣan ẹsẹ̀, ó sì ń ro ohun tí yóò sọ fún Àwẹ̀ró, bí yóò ṣe pe gbogbo ilé jọ, bí yóò ṣe fi àlàfo ẹnu rẹ̀ hàn wọ́n kí ó tó fi ọ̀bẹ hàn wọ́n.

Ní Òkè-Ayùn, a kì í dá ọ̀bẹ ọlọ́bẹ padà láìpọ́n. Bí o bá yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ ènìyàn, ì báà ṣe ewédú lásán ni o fi gé, pípọ́n ni ìwọ yóò pọ́n ọn kí o tó gbé e wọ ilé ẹni tó ni ín. Ọmọ tí ó bá dá ọ̀bẹ padà ní kíkú, ìyá rẹ̀ ni ìtìjú bá. Ìdí nìyẹn tí òkúta fi wà ní etí odò, tí àárín rẹ̀ fi jìn bí àwo. Gbogbo ẹni tí ó bá ń tinú oko bọ̀ ni ó máa ń dúró níbẹ̀. Ìyá Ọdẹ́sànmí nà án lẹ́ẹ̀kan nítorí èyí nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Kò tún nà án mọ́.

Ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti kú, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró. Ọwọ́ rẹ̀ bu omi sí òkúta. Ọ̀bẹ ń yọ̀ lórí òkúta, bí ọ̀bẹ tí ó ní ọ̀rá lára ti máa ń yọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bu yanrìn sí i, bí a ti máa ń ṣe. Ṣà, ṣà, ṣà. Ó ń súfèé. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣà, ṣà, ṣà. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, ó mú. Ó gbé e sókè.

Funfun ni. Funfun bí ikùn ẹja, láti ìdí dé ṣóńṣó.

Ó wo òkúta bóyá pòpórò wà níbẹ̀. Omi ti ṣàn án lọ. Ó wo odò. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tí ó rí àlejò.

"Kì í ṣe iwin," ni Baba máa ń wí níbí, ohùn rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi? Kì í ṣe iwin, kì í ṣe okùn, kì í ṣe ẹni tí kò lójú. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé." 

Ó ṣì wà lórí ìjókòó nígbà tí ó rí ẹnìkan tí ń bọ̀ láti ìlú. Ògúnsàkin ni. Ó nà ró, àyà rẹ̀ gbòòrò bí ti ìgbà èwe, owú alágbẹ̀dẹ wà ní èjìká rẹ̀, kò sì húkọ́. Ọdẹ́sànmí fò dìde, ayọ̀ sọ ọ́ di aṣiwèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ara yín ti yá!"

"Sànmí, o ti dé," ni Ògúnsàkin wí. "O rù. Ta ló ká ọ léyín?"

"Ìtàkùn ni. Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ń lọ?"

"Mo ń lọ síbi iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo ló wà ní apá ibẹ̀ yẹn?"

 Ògúnsàkin na ọwọ́ gba ọ̀bẹ. Ó fi fá irun kan ní apá ara rẹ̀, ó fẹ́ irun náà dànù.

"O pọ́n ọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi..."

"O pọ́n ọn dáadáa," ni Ògúnsàkin wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa kọ́ ọ re."

"Àwọ̀ náà ti lọ."

"Mo rí i. Ta ni ó ń fi àwọ̀ gé ẹran?" Ó fi ọ̀bẹ náà lé e lọ́wọ́, ó sì ká ìka àbúrò rẹ̀ pa mọ́ èèkù, ìka kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń ṣe fún ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sórí yanrìn etí odò, yanrìn tútù, Ọdẹ́sànmí sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́.

Láti ìlú, igbe Àwẹ̀ró ta. Lẹ́yìn rẹ̀, igbe àwọn obìnrin ilé yòókù.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ọdẹ́sànmí na ọ̀bẹ sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró! Ẹ mú ọ̀bẹ yín dání! Ẹ jẹ́ kí n padà lọ, n ó wá òmíràn, n ó bẹ Ìyá Onída!" Ó pe oríkì rẹ̀. Ó pè é ní orúkọ tí ìyá wọn nìkan máa ń pè é, tí kò sí alààyè mìíràn tí ó mọ̀ ọ́n. Ó pè é títí ohùn fi há.

Ògúnsàkin wọ odò, ó gun bèbè kejì. Ó gbé owú rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì, ó gba ọ̀nà igbó lọ, kò wẹ̀yìn.